Báwo ni a ṣe lè mú kí ilé kọ̀ọ̀kan máa ya ìdọ̀tí tó ń jẹrà sọ́tọ̀, kí ó sì wúlò?

Alámòójútó Àdúgbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Èmi ni wọ́n yàn láti máa mójú tó ìmọ́tótó fún àwọn ilé mélòó kan tí a jọ wà ní àdúgbò kan. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ni ti èèpo èso, èèpo ewébẹ̀, oúnjẹ tó ṣẹ́kù sínú àwo, ewé tó wọ́ sílẹ̀ àti koríko tí a gé, ìyẹn àwọn ohun tó lè jẹrà fúnra wọn ṣùgbọ́n tí gbogbo wa ń dì mọ́ ọ̀rá àti ike nínú àpò ìdọ̀tí kan náà. A ti ṣe ìpàdé, a ti lẹ ìwé mọ́ ara ògiri, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà dára. Síbẹ̀, tí a bá tú àpò ìdọ̀tí wò, kò sí ohun tó yàtọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí ọ̀nà tí a lè gbà kí àwọn ènìyàn máa yà á sọ́tọ̀ láìjẹ́ pé a ń lé wọn kiri, lórí ohun tí ilé tí kò ní ilẹ̀ lè fi ohun tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ ṣe, àti lórí bí a ṣe lè dènà òórùn àti eṣinṣin, nítorí pé àwíjàre tí mo ń gbọ́ jù nìyẹn.

Ìyá Ìdáná

Alámòójútó, ẹ kú akitiyan. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó jókòó nínú ìpàdé yẹn? Bí ó bá jẹ́ pé àwọn olórí ilé nìkan ni ẹ pè, tí ẹni tó ń gé ewébẹ̀ tó sì ń fọ àwo kò sí níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tí ọ̀bẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ bá sọ̀rọ̀. Ibi ìpàdé kọ́ ni ènìyàn ti ń pinnu láti ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀. Ìṣẹ́jú tí èèpo bá kúrò lára èso ni, nígbà tí ọwọ́ tutù, tí ìkòkò wà lórí iná, tí ọmọdé sì ń pe ènìyàn láti yàrá. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ibi tó bá sún mọ́ ọwọ́ jù ni èèpo yóò bọ́ sí. Nítorí náà, kí ẹ tó tún pe ìpàdé mìíràn, ẹ bá ilé kọ̀ọ̀kan wá àyè fún garawa kékeré kan tó ní ìdérí, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gé nǹkan gan-an. Bí ẹ bá gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tàbí sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹ kò gbé e síbì kankan.

Garawa náà kò gbọdọ̀ tóbi. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé èyí tó tóbi ni yóò dín wàhálà kù, ṣùgbọ́n garawa ńlá ló ń jẹ́ kí ìdọ̀tí pẹ́ nínú ilé títí yóò fi rùn. Èyí tó gba líítà márùn-ún sí méje tó fún ilé púpọ̀, yóò sì máa kún tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò ní lè ṣe kí wọ́n má dà á nù ní ọjọ́ méjì-méjì. Ẹ tẹ́ páálí tàbí ìwé ìròyìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó máa fa omi, ẹ kọ́kọ́ sẹ́ omi kúrò lára ohun tó bá ní ọbẹ̀ kí ẹ tó dà á sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa ṣan garawa náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dà á nù. Èmi fẹ́ràn èyí tó ní ihò wẹ́wẹ́ lára, nítorí pé ohun tí afẹ́fẹ́ bá ń kàn máa ń gbẹ, kì í sì í tètè rùn bí èyí tí a dé pa. Bí àjẹkù bá pọ̀ lọ́jọ́ kan, tí ilé náà sì ní ẹ̀rọ amúǹkan-dì, ẹ lè kó o sínú abọ́ onídèérí kí ẹ gbé e síbẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ ó kó o jáde.

Ní ti ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ gé e kúrú. Àwòrán ohun mélòó kan tó ń wọ inú garawa, àti ti ohun mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ti tó. Bí ẹ bá to ogún nǹkan síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dúró kà á.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá pátápátá. Kìkì pé àwọn kan wà tí wọn kò ní gbé garawa kankan sílé títí wọn yóò fi mọ ìdí tí a fi ní kí wọ́n gbé e, àwọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fún.

Ìròyìn tí ẹ̀ka tó ń rí sí àyíká ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé oúnjẹ tí a dà nù káàkiri ayé ní ọdún 2022 tó bílíọ̀nù 1.05 tọ́ọ̀nù, àti pé nínú gbogbo 100 tọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 60 ló ti inú ilé àwọn ènìyàn jáde. Ohun tó jáde láti ilé oúnjẹ àti ilé ìtajà kò tó èyí tó jáde láti ilé ìdáná wa. Nígbà tí irú ìdọ̀tí yìí bá wà lábẹ́ òkìtì ní ààtàn, tí afẹ́fẹ́ kò kàn án, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò nílò afẹ́fẹ́ ni yóò máa jẹ ẹ́, gáàsì tí wọ́n sì ń tú jáde ni mẹ́táènì. Tí a bá fi 100 ọdún wọn agbára gáàsì yìí láti mú ojú ọjọ́ gbóná, ó tó nǹkan bí ìlọ́po 28 ti káábọ́nì dàyọ́sáìdì tí ó jáde láti inú èéfín ọkọ̀. Tí a bá fi 20 ọdún péré wọ̀n ọ́n, ó lé ní ìlọ́po 80. Ìdọ̀tí kan náà, tí a bá kó o jọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kàn án, àwọn kòkòrò mìíràn ni yóò jẹ ẹ́, mẹ́táènì tí yóò jáde yóò kéré gan-an, ohun tí yóò sì ṣẹ́kù ni ajílẹ̀.

Àǹfààní kan tún wà tí kì í sábà jẹ yọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Omi ara oúnjẹ ló ń ba bébà, páálí àti ike tó wà nínú àpò kan náà jẹ́, tí ẹni tó ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò fi ní gbà wọ́n mọ́. Bí ilé kan bá yọ ohun tó ń jẹrà kúrò nìkan, láìtíì ṣe nǹkan mìíràn, ìyókù ìdọ̀tí rẹ̀ á gbẹ, á fúyẹ́, á sì rọrùn láti ṣà.

Aládùúgbò Oníyèméjì

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́. Ní ibi tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀, a ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ fún ìgbà pípẹ́, a sì fi ojú ara wa rí i tí ọkọ̀ akólẹ̀ dé, tí wọ́n da ti garawa kan àti ti èkejì pọ̀ sínú ikùn ọkọ̀ kan náà. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti jáwọ́. Ta ni yóò tún gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́?

Akólẹ̀

Ọ̀gá, òótọ́ ni ẹ sọ, mi ò ní bá yín jiyàn. Mo ti ṣiṣẹ́ yìí pẹ́, mo sì lè sọ ohun tó ń fà á fún yín. Ọkọ̀ tí kò ní ìpín méjì nínú kò lè kó ìdọ̀tí oríṣi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó ti wù kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìfẹ́ sí i tó. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí a bá ṣí àpò tí wọ́n ní èèpo nìkan ló wà nínú rẹ̀, tí a bá ìgò fífọ́, bátìrì àti ọ̀rá níbẹ̀, ibi tí à ń kó o lọ yóò dá a padà. Ààtàn ni yóò parí sí.

Nítorí náà, Alámòójútó, ẹ má ṣe bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa ya nǹkan sọ́tọ̀ kí ẹ tó mọ ibi tí ohun náà ń lọ. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí yóò gbà á, bóyá àgbẹ̀ kan, ọgbà kan, tàbí òkìtì ajílẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín ń tọ́jú, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan sí i láàárín ọ̀sẹ̀ tí kì í ṣe ọjọ́ tí ọkọ̀ ìdọ̀tí gbogbogbòò ń wá. Ẹ jẹ́ kí garawa tí gbogbo ilé ń lò jẹ́ àwọ̀ kan náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé e jáde ní ṣíṣí dípò kí wọ́n dì í sínú àpò tí a so lẹ́nu. Ẹni tó ń kó o yóò rí ohun tó wà nínú rẹ̀, kò ní ki ọwọ́ bọ ohun tí kò mọ̀. Ìgò tó fọ́ sínú èèpo ti gé ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì lè ṣe é, ẹ mú àwọn ará àdúgbò lọ wo ibi tí ìdọ̀tí wọn dé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ti fi ojú rí i kì í tún béèrè bóyá wọ́n ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Olóko Ẹ̀yìnkùlé

Ọ̀rọ̀ akólẹ̀ yìí ni kókó fún mi: kí ibi tí ohun náà ń lọ ti wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá ṣe àlàyé bí a ṣe ń ṣe òkìtì, nítorí pé òórùn àti eṣinṣin tí Alámòójútó mẹ́nu kàn, bí a ṣe to òkìtì ni wọ́n ti ń wá. Èèpo kò ní ẹ̀bi kankan níbẹ̀.

Ohun tó ń jẹrà pín sí oríṣi méjì. Àwọn kan tutù, wọ́n sì kún fún náítírójìn: èèpo èso, ewébẹ̀, koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ìgbẹ́ adìyẹ. Àwọn kan gbẹ, wọ́n sì kún fún káábọ́nì: ewé gbígbẹ, páálí tí a ya wẹ́wẹ́, lẹ́búlẹ́bú igi láti ilé agbégi, koríko gbígbẹ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣiṣẹ́ yìí nílò káábọ́nì ní nǹkan bí ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìn kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò sí ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n wọn èyí nílé. Ohun tí à ń ṣe ni pé, bí a bá da garawa kan ohun tútù, a ó da garawa méjì tàbí mẹ́ta ohun gbígbẹ lé e. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ilé ìdáná ń pèsè ohun tútù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ronú nípa ohun gbígbẹ títí òkìtì yóò fi di ẹrẹ̀. Ẹ kó ewé gbígbẹ jọ ní àkókò tí ó bá pọ̀, ẹ dì í sínú àpò, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì gan-an pẹ̀lú abọ́ tí wọn yóò fi máa bù ú. Bí ẹ bá ní láti yan nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, àpò ewé gbígbẹ yẹn ni kí ẹ yàn.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ẹ fi àwọn ẹ̀ka igi kéékèèké sí ìsàlẹ̀ pátápátá kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ to ohun tútù, ẹ fi ohun gbígbẹ bò ó, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ohun gbígbẹ ló máa ń wà lókè nígbà gbogbo. Eṣinṣin kì í rí ibi yé ẹyin sí bí èèpo kò bá fojú hàn. Ẹ gé ohun tó bá tóbi sí wẹ́wẹ́. Ní ti omi, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín rẹ̀ kí ẹ fún un: bí omi kan tàbí méjì bá kán, ó dára; bí ó bá ń ṣàn, ẹ fi ohun gbígbẹ kún un; bí kò bá sí ohun tó kán, tí ó sì ń tú ká, ẹ wọ́n omi sí i.

Òkìtì tó bá fẹ́ gbóná gbọdọ̀ tóbi tó nǹkan bí mítà kan ní gíga, ní ìbú àti ní gígùn, nítorí pé èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í lè di ooru rẹ̀ mú. Bí ó bá tò dáadáa, àárín rẹ̀ lè gbóná kọjá ìwọ̀n 55 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ooru náà bá sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí a ń yí òkìtì padà kí ohun tó wà létí lè dé àárín, ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn àti èso koríko burúkú ni yóò kú. Èyí tí a ń yí padà ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ lè di ajílẹ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, a ó sì tún fi í sílẹ̀ kí ó sinmi fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí a kò yí padà lè gba oṣù mẹ́fà títí di ọdún kan. Méjèèjì dára. Ẹni tí kò ní agbára ìyípadà kò gbọdọ̀ tìtorí èyí sọ pé òun kò ní ṣe òkìtì.

Bí ó bá rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, afẹ́fẹ́ kò tó, ẹ yí i padà. Bí ó bá ń ta sí ènìyàn nímú bí ìtọ̀, ohun tútù ti pọ̀ jù, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un.

Ayálégbé Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ẹ ṣeun, Olóko, ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kò ní ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Mítà kan ní gíga kò lè wọ ilé mi.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Àbúrò, ọ̀nà wà fún irú ilé yín, èyí tí mo sì fẹ́ràn jù nínú wọn ni ti ekòló. Ekòló tí a máa ń rí lábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ ebè kọ́ ni a ń lò fún èyí o. Ekòló pupa tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eisenia fetida ni, èyí tó ń gbé nínú ohun jíjẹrà tí ó wà lójú ilẹ̀. Ẹ wá àpótí ike tàbí ti igi tí kò jìn púpọ̀, ẹ lu ihò sí ara rẹ̀ àti sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi bébà tàbí páálí tí a ya tí a sì fi omi rin kún un ní ìdajì, kí ẹ tó kó ekòló sínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ibi òkùnkùn tí kò gbóná, láàárín ìwọ̀n 15 sí 25 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, nítorí náà ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ti ń ràn sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún wọn ní oúnjẹ, kí ẹ sì máa ri í mọ́ abẹ́ bébà. Ohun tó ń pa wọ́n jù ni oúnjẹ àpọ̀jù tó gbóná tàbí tó kan. Ẹ má fún wọn ní ọsàn wẹ́wẹ́, àlùbọ́sà, ata, òróró àti ẹran. Ìgbẹ́ wọn ni ajílẹ̀ náà, ó sì dára fún ohun ọ̀gbìn inú ìkòkò.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí wọ́n mú wá láti Jàpáánù tí wọ́n ń pè ní bokashi, níbi tí a ti ń to àjẹkù sínú garawa tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, tí a ń bu èèrí ọkà tí a ti pò mọ́ kòkòrò àìfojúrí tó ń mú kí oúnjẹ di kíkan sí láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn tí garawa bá kún, a ó dé e pa fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń gba ẹran àti oúnjẹ sísè tí òkìtì lásán kò fẹ́, kò sì gba àyè. Ohun tí ẹ gbọdọ̀ mọ̀ ni pé ohun tó jáde níbẹ̀ kò tíì di ajílẹ̀. A ṣì ní láti rì í mọ́ ilẹ̀ tàbí kí a dà á sínú òkìtì kí ó tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣì nílò ẹnì kan tó ní ilẹ̀.

Olóko Ẹ̀yìnkùlé

Mo fẹ́ fi èyí tó rọrùn jùlọ kún un fún ẹni tó ní ilẹ̀ kékeré ṣùgbọ́n tí kò ní àkókò. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ da èèpo sí i, ẹ fi erùpẹ̀ bò ó, kí ẹ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ gbẹ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ìyípadà, kò sí òórùn, ẹ sì lè gbin nǹkan sí orí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì Ètò Àyíká

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀. Àwọn kan yóò béèrè pé kí ló dé tí a kò kàn fi òfin àti owó ìtanràn mú wọn. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ní Gúúsù Kòríà, wọ́n fòfin de dída àjẹkù sí ààtàn láti ọdún 2005, láti ọdún 2013 sì ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n àjẹkù tó dà nù. Ní ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń gbé níbẹ̀, ẹ̀rọ kan wà nísàlẹ̀ tó ń wọn ìdọ̀tí náà nígbà tí onílé bá fi káàdì rẹ̀ kàn án. Ní Faransé, láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ láti pèsè ọ̀nà tí àwọn ará ìlú lè gbà ya ìdọ̀tí tó ń jẹrà sọ́tọ̀. Ẹ kíyè sí i pé àwọn aláṣẹ ni òfin Faransé yìí kọ́kọ́ di ẹrù rù. Ní ìlú Mìlánù ní Ítálì, ìpele-ìpele ni wọ́n mú un, agbègbè kan tẹ̀ lé òmíràn láàárín ọdún 2012 sí 2014, wọ́n sì fún ilé kọ̀ọ̀kan ní garawa kékeré tó ní ihò lára fún ilé ìdáná, irú èyí tí Ìyá ń sọ nípa rẹ̀ gan-an.

Nínú gbogbo ibi wọ̀nyí, ètò ìkójọ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó tàbí bu owó ìtanràn léni. Àdúgbò tí kò tíì ní ibi tí ó ń kó èèpo lọ, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó ìtanràn, ìbínú nìkan ni yóò kó jọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yan ilé márùn-ún sí mẹ́wàá tó fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, kí ẹ bá wọn ṣe é títí yóò fi mọ́ wọn lára, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn fúnra wọn lọ bá àwọn aládùúgbò wọn sọ̀rọ̀. Ẹ wọn ìdọ̀tí ilé wọ̀nyí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹ sì kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Iye tí àdúgbò yín fúnra yín wọ̀n ń wọ àwọn ènìyàn létí ju iye gbogbo ayé lọ.

Alámòójútó Àdúgbò

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹnì kan níbí ní kí a máa fún ẹlẹ́dẹ̀ ní àjẹkù náà dípò ajílẹ̀. Ṣé ó dára? Kí sì ni ohun tí kò gbọdọ̀ wọ inú òkìtì rárá?

Olóko Ẹ̀yìnkùlé

Alámòójútó, èèpo tútù tí kò tíì kan ẹran rárá, bí èèpo èso àti ewé ewébẹ̀, ẹran ọ̀sìn lè jẹ ẹ́ bí ó bá ṣì dára. Àjẹkù tí ẹran tàbí ohun tó ti ara ẹran jáde bá ti wà nínú rẹ̀ ni ó léwu, nítorí pé àrùn bí ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lè gba inú rẹ̀ wọ agbo ẹran. Ìlú Ọba fòfin dè é ní ọdún 2001 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ẹnu àti pátákò, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn náà sì fòfin dè é lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wádìí ohun tí òfin ibi tí ẹ wà sọ kí ẹ tó ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ kí àjẹkù di oúnjẹ adìyẹ tàbí ẹja, àwọn kan ń sin ìdin eṣinṣin dúdú kan tí wọ́n ń pè ní Hermetia illucens. Ìdin náà yóò jẹ àjẹkù, ẹ ó sì fi ìdin bọ́ ẹran. Iṣẹ́ tó fẹ́ ìmójútó gidi ni o, kì í ṣe ohun tí ilé kan lè dá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ohun tí mi ò ní kó sínú òkìtì ilé ni ẹran, ẹja, egungun, wàrà àti òróró, nítorí eku; ìgbẹ́ ajá àti ti ológbò, nítorí àrùn; ewéko tó ní àrùn, àfi bí òkìtì yín bá ń gbóná dáadáa; bébà dídán; àti koríko tí a ti fín oògùn apakoríko sí, nítorí pé àwọn oògùn kan wà tí wọn kì í kú nínú òkìtì, tí wọn yóò sì ba ohun tí ẹ bá gbìn sí ajílẹ̀ náà jẹ́. Ẹ fi eérú igi sí i níwọ̀nba. Ẹ tún máa ṣọ́ àwọn lébẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ èso, ike ni wọ́n, wọn kì í jẹrà. Ọ̀rá tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń jẹrà náà ń tan ènìyàn jẹ: ọ̀pọ̀ nínú wọn, ooru ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n nílò kí wọ́n tó lè jẹrà, òkìtì ẹ̀yìnkùlé kò gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìdáná

Ní ti ẹni tó bá da ọ̀rá mọ́ èèpo, ẹ má pariwo orúkọ rẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn wà. Ẹ fi ìwé kékeré kan sára garawa rẹ̀: «Ẹ kú iṣẹ́. A rí ọ̀rá nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa yọ ọ́.» Ẹ kọ ìwé fún ẹni tó ṣe é dáadáa pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí a kò rántí yìn, kì í pẹ́ tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ sì fi ọmọdé ṣe ẹni tó ń gbé garawa jáde. Bí ó bá ti di iṣẹ́ ọmọ nínú ilé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá àwọn àgbà wí.

Aládùúgbò Oníyèméjì

Ó dára, Ìyá, mo gbọ́. Tí ajílẹ̀ bá wá jáde, báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti pé, ta ló sì ni ín?

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ó ti pé bí ó bá dúdú, tí kò gbóná mọ́ kódà lẹ́yìn tí ẹ yí i padà, tí ó ń rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, tí ẹ kò sì lè dá èèpo kankan mọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹ tò yóò ti dín kù tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣiyèméjì, ẹ gbin irúgbìn tó máa ń tètè hù sínú díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbin irú rẹ̀ sínú ilẹ̀ lásán. Bí èyí tó wà nínú ajílẹ̀ kò bá hù dáadáa tàbí tó ń di ofeefee, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, nítorí pé ajílẹ̀ tí kò tíì pé ń bá ohun ọ̀gbìn du náítírójìn. Ẹ má gbin nǹkan sínú ajílẹ̀ nìkan. Ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí mẹ́ta ti tó nínú ìkòkò, ìyókù kí ó jẹ́ erùpẹ̀.

Ní ti ẹni tó ni ín, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ilé kọ̀ọ̀kan tó kó èèpo wá gba ìpín tirẹ̀ kọ́kọ́, kódà bí ó jẹ́ ìkòkò kan fún ayálégbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí èyí tó bá ṣẹ́kù tó lọ sí ọgbà àdúgbò tàbí sọ́dọ̀ àgbẹ̀ tó ń gba èèpo lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ kí òkìtì àkọ́kọ́ tó pé, kí ó má bàa di ìjà.